Yàrá Iwájú Tí Bàbá Àgbà Fi Pamọ́ De Igbákejì Ààrẹ

Nígbà tí Bàbá Àgbà kú, àwọn onílé àdúgbò wa ní Muṣin pé jọ sí pálọ̀ rẹ̀ láti mọ ẹni tí yóò gba ipò alága. Wọ́n jókòó, wọ́n mu mínírà, wọ́n wo ara wọn lójú, ọ̀rọ̀ sì pin síbẹ̀. Ẹgbẹ́ onílé náà ní akọ̀wé, ó ní akápò, ó tilẹ̀ ní ẹni tó ń bójú tó gọ́tà, ṣùgbọ́n kò ní igbákejì alága. Kò ní in rí láti ìgbà tí Bàbá ti ń ṣe é. Bí ẹnikẹ́ni bá dábàá pé kí wọ́n yan ọ̀kan, Bàbá á rọra yọ awò ojú rẹ̀, á fi etí agbádá nù ún, á wá dáhùn pé: "Igbákejì ni ẹni tó ń jókòó ti èèyàn, tó ń retí ikú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èmi dá kú ní tèmi."

Ó sì dá kú ní tirẹ̀.

Èsékíẹ́lì Adégoróyè lorúkọ rẹ̀. Bàbá Alága ni àdúgbò ń pè é. Òun ló bí bàbá mi. Àwọn ẹbí ní kí n kọ nǹkan díẹ̀ sínú ìwé ìsìnkú rẹ̀. Mo kọ ọ́, wọ́n kà á tán, wọ́n sì fi fọ́tò ńlá rọ́pò rẹ̀. Nínú fọ́tò náà, Bàbá wọ aṣọ òkè, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń wo ọ̀ọ́kán bí ẹni tí orílẹ̀-èdè kan ń dúró dè. Ohun tí fọ́tò yẹn kò sọ ni pé ọkùnrin yìí lé aránṣọ kan jáde nínú yàrá tí obìnrin náà ń gbé, tó sì tún fi ń ṣiṣẹ́, kí ó lè fi yàrá náà pamọ́ de ẹnì kan tó dá a lójú pé olùdíje sípò ààrẹ yóò mú ṣe igbákejì. Ọ̀rọ̀ yàrá yẹn ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ yàrá yẹn ti mọ Bàbá.

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Bàbá á wọ agbádá, á dé fìlà, á sì rìn lọ sí ìdí tábìlì Mufú, fẹ́ńdọ̀ tó ń ta ìwé ìròyìn ní Ìdí-Òrò. Kò ra ìwé ìròyìn rí. Á kó ọwọ́ sẹ́yìn, á tẹ̀ síwájú díẹ̀, á máa ka àkọlé lókè lókè bíi dókítà tó ń wo ojú egbò tí kò fẹ́ fọwọ́ kàn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìdí fẹ́ńdọ̀ kan ní Èkó tí kò ní irú wọn: àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń tú ìjọba ká láàárọ̀, tí wọ́n ń yan mínísítà lọ́sàn-án, tí ebi á sì lé wọn lọ sílé nírọ̀lẹ́. Bàbá ni àgbà wọn. Lọ́jọ́ kan, Mufú ní ìgboyà, ó ní, "Bàbá Alága, ẹ kúkú ra ẹyọ kan lónìí."

Bàbá wò ó tìyanu-tìyanu. "Mufú, kí ni kí n rà? Àwọn tó kọ ọ́ gan-an ń retí kí n sọ ohun tó kàn fún wọn."

Ẹni kejì ló máa ń wò ní ibi gbogbo. Bí ó bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kì í gbọ́ ìwàásù, ojú olùrànlọ́wọ́ pásítọ̀ ló máa ń wò, ó ń wá ìgbà tí onítọ̀hún á yán tàbí tí á wo aago. Bí ó bá dé ibi ìgbéyàwó, kì í wo ọkọ ìyàwó, ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó ló máa ń wò. Ó ní ẹni tí èèyàn bá mú dání ló ń tú u fó. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó bàbá mi, nígbà tí gbogbo èèyàn ń ṣàdúrà, Bàbá na ọrùn wo ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó látòkè délẹ̀, ó sì sọ ọ́ ketekete létí ọmọ rẹ̀: "Délé, o mú ẹni tó rẹwà jù ẹ́ lọ. Ìyàwó ẹ á máa wo fọ́tò yìí pẹ́."

Ìsàlẹ̀ àpótí ni fọ́tò náà wà títí di òní. Bàbá mi ló gbé e síbẹ̀.

Nígbà tí èmi náà wọ yunifásítì ní Àkókà, ó pè mí jókòó. Ó ní, "Títí, kí ni wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀?"

"Ìmọ̀ ìṣèlú ni, Bàbá."

"Ta ló ń kọ́ yín?"

"Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni, sà."

"Ṣé wọ́n ti díje dupò rí?"

"Rárá, sà."

"Áà, wọ́n kàn ń ka ìwé ìròyìn bíi tèmi ni. Kí ló dé tí o ò lọ jókòó ti Mufú? Ọ̀dọ̀ tiẹ̀ sún mọ́lé."

Ohun tí Bàbá kì í sọ ni iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ṣe. Ọ́fíìsì ìjọba kan ní Yábà ló ti fẹ̀yìn tì, ó sì máa ń sọ pé òun ṣe ọ̀gá àwọn akọ̀wé. Irọ́ ni. Igbákejì ọ̀gá àwọn akọ̀wé ló ṣe. Ọ̀gá mẹ́ta ló kú tàbí tó fẹ̀yìn tì lójú rẹ̀, ẹlòmíràn ni wọ́n sì ń mú wá láti ìta láti rọ́pò wọn. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mẹ́nu kan án nílé wa. Ìyá Àgbà nìkan ló mọ̀ ọ́n dáadáa, ó sì fi í pamọ́ bí obìnrin ṣe máa ń fi ọ̀bẹ pamọ́ sínú ilé tí ọkọ ti ń mutí.

Ọ̀tá tí Bàbá fẹ́ràn jù ni Bàbá Ráfíù, onílé tó múlé gbè wá, tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Ládìpọ̀. Bí Bàbá bá ní òjò á rọ̀, Bàbá Ráfíù á sá aṣọ. Bí Bàbá Ráfíù bá ní mọ́tò Jámánì dáa, Bàbá á ní ti Faransé ló dáa, bẹ́ẹ̀ sì ni kò ní mọ́tò kankan. Ọdún tí àwọn ológun ní àwọn fẹ́ gbé ìjọba fún alágbádá, ìjà wọn rí oúnjẹ. Ẹgbẹ́ òṣèlú tí gbogbo àdúgbò wa ń ṣe ti fa olùdíje kalẹ̀, ọmọ Yorùbá, Mùsùlùmí. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni ẹni tí yóò mú ṣe igbákejì.

"Kìrìsìtẹ́nì ló máa mú," Bàbá Ráfíù sọ, ó na ìka lé tábìlì Mufú. "Mùsùlùmí ni mí, mo sì ń sọ ọ́. Tó bá lọ mú Mùsùlùmí kún Mùsùlùmí, kí làwọn Kìrìsìtẹ́nì fẹ́ wí?"

"Wọ́n á wí 'Àmín'," Bàbá dá a lóhùn. "Ebi ń pa Kìrìsìtẹ́nì, ebi ń pa Mùsùlùmí. Ta ló ráyè? Èèyàn òkè ọya ló máa mú, Mùsùlùmí ni, mo sì mọ orúkọ rẹ̀."

"Ẹ dárúkọ ẹ̀ ká gbọ́."

Bàbá yọ awò ojú, ó nù ún. Ó jẹ́ kí wọ́n dúró. "Ìlíyásù," ló wí.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Orúkọ Àlùhájì Ìlíyásù ti ń jáde nínú ìwé ìròyìn lóòótọ́, lára àwọn tí wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí olùdíje mú. Àwọn mẹ́fà tàbí méje míì náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá kò tíì parí.

"Ilé mi ló gbé nígbà tó jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin. Yàrá iwájú. Èmi ni mo fi ọ̀nà Èkó hàn án. Bó bá dé ilé ìjọba, ẹ ó rí bí á ṣe wá dọ̀bálẹ̀ fún mi ní ojú títì yìí."

Apá kan jẹ́ òtítọ́. Ìlíyásù gbé nínú yàrá iwájú lóòótọ́, nígbà tó jẹ́ akọ̀wé kékeré tí ìjọba gbé wá sí Èkó. Ìyá Àgbà ló sọ apá tó kù fún mi nínú ilé ìdáná. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọkùnrin náà pàdé Bàbá lẹ́nu ọ̀nà, ó lóṣòó, ó sì di ìkúùkù, ó gbé e sókè. Bí wọ́n ṣe ń kí ọba àti àwọn èèyàn ńlá nílùú rẹ̀ nìyẹn. Ọlá ńlá ló fẹ́ dá onílé rẹ̀. Bàbá kò rí ju ìkúùkù lọ. Ó pariwo pé ayálégbé fẹ́ lu òun nínú ilé tí òun fọwọ́ ara òun kọ́, ó kó ẹrù ọmọ ọlọ́mọ dà sínú gọ́tà, ó sì gbẹ́sẹ̀ lé korobá onírin tó fi ń wẹ̀. Ìyá Àgbà ní ọmọ náà dúró létí gọ́tà, ó ń sunkún, ó ṣì di ìkúùkù náà sókè, torí ó rò pé kíkí náà ni kò tó.

Ìyá Àgbà fi korobá náà fọ aṣọ wa láti ìgbà náà. Èmi náà wẹ̀ nínú rẹ̀ ní kékeré.

Ohun tó ya mi lẹ́nu ni bí àdúgbò ṣe gba Bàbá gbọ́ kíákíá. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, àwọn tó ń kí i ní ìdúró ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan gbé ẹ̀kọ àti ẹja wá. Ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ wá pé kí Bàbá bá òun fi í sí ọ́fíìsì Igbákejì Ààrẹ, Bàbá sì wo ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó bi í pé, "Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn fún èèyàn ńlá?" Ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá ní, "Ṣí tibí yìí, kí o bá a jáde."

Ẹni tó ń gbé yàrá iwájú nígbà náà ni Ìyá Ṣadé. Ọkọ rẹ̀ ti lọ sí Líbíà, ó sì gbàgbé ọ̀nà. Òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré ló ń gbé ibẹ̀, pẹ̀lú máṣíìnì tó wà lójú fèrèsé. Yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ìwé ló ń rán. Àwọn ìyá á gba ojú fèrèsé kọjá, wọ́n á na aṣọ sí i, òun náà á na téèpù síta, á wọn ọmọ náà lójú títì. Ojú fèrèsé yẹn ni ìsọ̀ rẹ̀. Kò ní òmíràn.

Ìdajì yúnífọ́ọ̀mù àdúgbò ló wà lórí ibùsùn rẹ̀ lọ́jọ́ tí Bàbá kan ilẹ̀kùn. Ilé ìwé fẹ́ wọlé. Àwọn olùkọ́ yunifásítì wa dá iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà náà, ilé ni mo wà, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn.

"Ìyá Ṣadé, mo fẹ́ lo yàrá."

"Háà! Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

"O ò ṣẹ̀ mí. Àlejò ló ń bọ̀."

"Àlejò wo, Bàbá?"

"Igbákejì Ààrẹ."

Ìyá Ṣadé rẹ́rìn-ín. Ó rò pé Bàbá ń bá òun ṣeré ni, ó sì rẹ́rìn-ín dáadáa, ó tilẹ̀ gbá ọwọ́ mọ́ itan. Ẹ̀rín yẹn ló parí ọ̀rọ̀. Bóyá ì bá fún un ní oṣù díẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn, ó ní kí ó kúrò kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Obìnrin náà kúnlẹ̀. Ó ní kí Bàbá jẹ́ kí òun kàn rán yúnífọ́ọ̀mù wọ̀nyí tán, pé ojú fèrèsé yẹn làwọn èèyàn mọ̀ mọ́ òun, pé tí òun bá kúrò níbẹ̀, iṣẹ́ òun ti parí nìyẹn. Bàbá gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó wá ní, "Rẹ́rìn-ín báyìí ná, kí n wò ó."

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni Ìyá Àgbà yọ ọ̀bẹ tó fi pamọ́. Ó gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó dúró lórí rẹ̀, ó ní, "Bàbá Délé, ẹ gbọ́ mi o. Gbogbo ọdún tí ẹ fi ṣiṣẹ́ ìjọba, igbákejì lẹ fi í ṣe. Mi ò rí ẹni tó lé aráalé ẹ̀ síta kó lè tọ́jú yàrá dè yín."

Bàbá kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Tí wọ́n bá jókòó ti ara wọn, èmi ni wọ́n máa ń rán sí ara wọn. "Títí, sọ fún ìyàwó mi pé ọbẹ̀ yìí kò níyọ̀." Mo bá yíjú sí Ìyá Àgbà. Òun náà á ní, "Sọ fún igbákejì pé iyọ̀ wà lórí tábìlì."

Ìyá Ṣadé kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Mákòkò, nínú ilé pákó tí wọ́n ti ń yan ẹja. Ó gbé máṣíìnì lọ, ó sì gbìyànjú. Ṣùgbọ́n èéfín ẹja wọ inú gbogbo yúnífọ́ọ̀mù tó rán, kò sì sí ọṣẹ tó mú un kúrò. Àwọn ọmọ ilé ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ẹni tó bá wọ̀ ọ́. Wọ́n ń pe ọmọ kan ní Ẹja Yíyan títí ó fi ní òun kò lọ sílé ìwé mọ́. Ìyá ọmọ náà gbé aṣọ lọ, ó jù ú sí Ìyá Ṣadé lójú. Kò pẹ́ tí kò fi sí ẹni tó gbé aṣọ wá mọ́. Mo sọ ọ́ fún Bàbá, mo rò pé yóò káàánú. Ó jẹun tán, ó fi ahọ́n wá eyín, ó ní, "Ẹja ò kúkú burú. Kó yáa máa tà á."

Nígbà tí yàrá ṣófo, Bàbá kun ún ní ọ̀dà funfun. Ó ra ibùsùn, ó tẹ́ fẹ́lífẹ́ẹ̀tì pupa lé e lórí, ó gbé àga kan sójú fèrèsé tí máṣíìnì ti wà tẹ́lẹ̀. Ó fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ abẹ́ agbádá. Nígbà tí a wá gbọ́ pé Àlùhájì Ìlíyásù ti dé sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Sùúrùlérè nítorí ìpàdé ẹgbẹ́, Bàbá ní kí n múra. Ó fẹ́ lọ pè é wá wo yàrá. Ó ní òun nílò ẹni tó máa bá àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà sọ gírámà.

A dúró pẹ́ lọ́dẹ̀dẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì náà pẹ̀lú àwọn èèyàn tí àwọn náà ń wá ojú rere. Nígbà tí wọ́n jẹ́ ká wọlé, Àlùhájì jókòó sórí àga ńlá kan, ó sanra, ó gbayì, ó fi funfun bora. Bí àlejò kọ̀ọ̀kan bá ti dé iwájú rẹ̀, á lóṣòó, á di ìkúùkù, á gbé e sókè. Ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Mo wo ojú Bàbá. Mo rí i bí ó ṣe yé e. Ó yé e díẹ̀díẹ̀, láti ẹnu sókè dé iwájú orí, ohun tó rí lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ó kàn wá. Mo rò pé yóò kí i bí àgbà Yorùbá ṣe ń kí ọmọdé. Bàbá Àgbà, alága àwọn onílé, ẹni tí kò tẹríba fún ẹnikẹ́ni rí, lóṣòó. Orúnkún rẹ̀ dún. Ó di ìkúùkù, ó gbé e sókè.

Àlùhájì wò ó, ó wò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Yorùbá Muṣin tó já geere ló fi sọ̀rọ̀.

"Bàbá Lánlọ́ọ̀dù! Ṣé ẹ fẹ́ lù mí ni?"

Àwọn tó gbọ́ Yorùbá rẹ́rìn-ín. Àwọn tí kò gbọ́ náà rẹ́rìn-ín, torí ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Àlùhájì dìde, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé Bàbá dìde, ó sì béèrè àlàáfíà ìyá. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa yàrá, pé òun ti kùn ún, pé fẹ́lífẹ́ẹ̀tì pupa wà níbẹ̀. Àlùhájì ń mi orí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́. Nígbà tí Bàbá sọ tán, ó fi ọwọ́ lé e léjìká, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bàbá, korobá mi dà?"

A dé ìdí tábìlì Mufú nírọ̀lẹ́, wọ́n ti ń dúró dè wá. "Bàbá Alága, kí ló sọ fún yín?"

Bàbá tún fìlà ṣe. "Ó béèrè ohun kan lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ èmi àti ẹ̀ ni, kò ṣeé sọ níta."

Wọ́n mi orí tìyìn-tìyìn. Bàbá Ráfíù pàápàá mi orí. Nígbà tí a délé, Bàbá lọ tààrà sẹ́yìnkùlé níbi tí Ìyá Àgbà ti ń fọ aṣọ, ó sì bá a sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. "Da omi yẹn nù, kí o gbé korobá yẹn fún mi."

"Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i?"

"Ti ìjọba ni."

Ó fi iyanrìn ha á títí ó fi ń dán. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn nínú yàrá iwájú, ó sì tún ti àgádágodo.

Ọjọ́ tí rédíò kéde igbákejì, gbogbo wa ló wà nídìí tábìlì Mufú. Ẹlòmíràn ni wọ́n dárúkọ. Mùsùlùmí ni, èèyàn òkè ọya ni, gbogbo àsọtẹ́lẹ̀ Bàbá ló ṣẹ, àfi ẹni náà gan-an. Ti Bàbá Ráfíù náà kò ṣẹ rárá, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dí i lẹ́nu. "Bàbá Alága, ẹ bá wa sọ fún àlejò yín kó má wulẹ̀ kó ẹrù wá mọ́ o."

Bàbá kò wò ó. "Àṣìṣe oníròyìn ni," ó wí. "Wọ́n á tún un ṣe lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ wò bóyá wọ́n ti tún un ṣe. Lọ́jọ́ kẹta náà, ó lọ. Ó ń lọ títí wọ́n fi dìbò. Àwa dìbò, òun kò dì í. Nígbà tí àwọn ológun wá ní àwọn fagi lé ìbò náà, táyà ń jó káàkiri Muṣin, ìbọn ń dún, àwọn ìyá ń wá ọmọ wọn, Bàbá wọ agbádá rẹ̀ tó funfun jù, ó sì jáde. Mo sá tẹ̀ lé e kí wọ́n má baà pa á. Iná ti jó tábìlì Mufú. Mufú ń fi igi tú eérú, ó ń wá ohun tó lè kù. Bàbá dúró lórí rẹ̀, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn bíi ti tẹ́lẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. N kò rí ẹlòmíràn tí inú rẹ̀ dùn ní gbogbo Èkó lọ́jọ́ yẹn.

"Ṣé o rí i, Mufú? Igbákejì ló bà á jẹ́."

Ìyá Àgbà rò pé ó ti tán nìyẹn. Kò sí ààrẹ, kò sí igbákejì, a lè pe Ìyá Ṣadé padà. Ó bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, ó bẹ̀ ẹ́ lálẹ́. Bàbá ní kò ṣeé ṣe. "Yàrá Igbákejì Ààrẹ kì í ṣe yàrá aránṣọ."

"Igbákejì Ààrẹ wo, Bàbá Délé?"

"Èyí tó yẹ kí wọ́n mú."

Bẹ́ẹ̀ ni yàrá náà wà ní títì fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí àrùn rọpárọsẹ̀ fi dá Bàbá dùbúlẹ̀, tí kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Àwọn ayálégbé wà nínú gbogbo yàrá ìsàlẹ̀, àfi ẹyọ kan. A tú kọ́kọ́rọ́ kúrò lábẹ́ agbádá rẹ̀, a ṣílẹ̀kùn, a sì tẹ́ ẹ sórí fẹ́lífẹ́ẹ̀tì pupa. Korobá Àlùhájì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Inú rẹ̀ ni Bàbá ń tọ̀ sí títí ó fi kú.

Kò lè sọ̀rọ̀. Bàbá Ráfíù ń wá ní ìrọ̀lẹ́, á jókòó sórí àga ojú fèrèsé, á máa sọ ohun tó wà nínú ìwé ìròyìn fún un. Á sọ èrò tirẹ̀, á dúró kí Bàbá ta kò ó. Bàbá á kàn máa wò ó. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó pa ìwé ìròyìn dé, ó ní, "Èmi ni mo ń borí báyìí, Bàbá Alága. Kò dùn rárá."

Lẹ́yìn ìsìnkú, tí àwọn onílé ti mu mínírà wọn tán tí wọ́n sì lọ láìrí alága yàn, Ìyá Àgbà rán mi sí Mákòkò. Mo bá Ìyá Ṣadé níwájú ààrò, ó ń yan ẹja. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, èéfín ti bá a dàgbà. Mo jíṣẹ́ Ìyá Àgbà fún un. Ó so ìborùn, ó tẹ̀ lé mi.

Ìyá Àgbà ti ṣí yàrá náà sílẹ̀ dè é. Ó ti fọ ilẹ̀, ó ti ká fẹ́lífẹ́ẹ̀tì, ó ti gbé àga kúrò lójú fèrèsé kí àyè lè wà fún máṣíìnì. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì ń sunkún. "Ìyá Ṣadé, ẹ má bínú. Yàrá yín nìyí."

Ìyá Ṣadé kò gba kọ́kọ́rọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na imú síwájú díẹ̀.

"Ìyá, yàrá yìí ń rùn."

Ojú rẹ̀ ń lọ yíká ògiri, ó dé fèrèsé, ó kúrò níbẹ̀ kíákíá, ó bọ́ sórí korobá tí Ìyá Àgbà ti fọ̀, tó sì dojú rẹ̀ dé sí kọ̀rọ̀.

"Ta ló ni ìyẹn?"

"Ti Igbákejì Ààrẹ ni," ni Ìyá Àgbà dáhùn. Kò rántí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. Bí a ṣe máa ń pè é nílé nìyẹn.

Ìyá Ṣadé wọlé, ó gbé korobá náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó fojú sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó fi ìka kàn án.

"Kò jò," ó wí. Ó fi í kọ́ apá, ó jáde. Ó ti dé ojú títì, lábẹ́ fèrèsé tó ti máa ń na téèpù síta tẹ́lẹ̀, kó tó yíjú padà. Ó ń rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín ọjọ́ tí Bàbá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ gan-an.

"Tó bá rán wọn wá gbà á, ẹ ní ó wà lọ́dọ̀ mi, mo fi ń fọ ẹja."